Èdè-Ìperí fún Ẹ̀yìn Ríro àti Ìtọ́jú Rẹ̀

1.0 Ìfáárà

Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àyẹ̀wò àwọn ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn ríro, kí a sì dábàá èdè-ìperí tí yóò jẹ́ kí oníṣègùn, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti aláìsàn gbọ́ ara wọn yé. Kì í ṣe pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún àìsàn yìí. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn kan nínú ọ̀rọ̀ náà ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa ara, ẹni tí ó bá sì gbà wọ́n gbọ́ yóò máa ṣe ohun tí yóò mú kí àìsàn rẹ̀ pẹ́. Èrò tí a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé, ní ti ìmọ̀ ìṣègùn, èdè-ìperí jẹ́ ara ìtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò fi hàn pé ní ọdún 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń ro káàkiri ayé, àti pé iye náà lè di mílíọ̀nù 843 ní ọdún 2050. Kò sí àìsàn mìíràn tí ó ń sọ ènìyàn di aláìlèṣiṣẹ́ tó o.

1.1 Ohun tí ó fa iṣẹ́ yìí

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn kan. Èlùbọ́ ni màmá yìí ń tà. Ẹ̀yìn ti ń ro wọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìrora náà sì ti sọ̀ kalẹ̀ dé itan. Dókítà tí ó yẹ̀ wọ́n wò kò gbọ́ Yorùbá, èmi ni mo sì ṣe ògbifọ̀. Gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ni dókítà náà lò, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohun kan ti yọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ó sì fi kún un pé kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n má ṣe dùbúlẹ̀ pẹ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ báyìí: ‘Wọ́n ní eegun ẹ̀yìn yín kan ni ó yẹ̀, mà. Wọ́n ní kí ẹ máa rìn.’ Màmá wò mí lójú, wọ́n ní, ‘Ọmọ mi, eegun tí ó yẹ̀, ṣé a máa ń fi rìn ni?’

N kò ní èsì. Ní ilẹ̀ wa, eegun tí ó bá yẹ̀ tàbí tí ó kán, àwọn ato-eegun a tò ó, wọn a fi ọparun dì í, aláìsàn a sì jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi san. Ohun tí màmá mọ̀ ni wọ́n ṣe. Wọ́n dùbúlẹ̀ lórí ẹní fún oṣù mẹ́ta ó dín díẹ̀. Nígbà tí wọn yóò fi dìde, itan wọn ti rù, ẹ̀yìn wọn ti le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìsọ̀ wọn ní ọjà sì ti di ti ẹlòmíràn. Dókítà kò ṣì wọ́n lọ́nà. Ògbifọ̀ ni ó ṣì wọ́n lọ́nà, ògbifọ̀ náà sì jẹ́ ẹni tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ èdè ní yunifásítì. Nítorí náà ni mo fi ka iṣẹ́ yìí sí gbèsè.

2.0 Ẹ̀yà Ara tí À ń Pè ní Ẹ̀yìn

2.1 Ọ̀pá-ẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú èdè, a kò sì dábàá pé kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ‘ọ̀pá’ tí ó wà nínú rẹ̀ ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ọ̀pá jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí kò ṣeé tẹ̀. Bí a bá fi ipá tẹ̀ ẹ́, yóò kán. Ọ̀pá-ẹ̀yìn sún mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín ju ọ̀pá lọ. Eegun 24 tí ó lè yí, tí ó sì lè tẹ̀, ni ó wà nínú rẹ̀: 7 ní ọrùn, 12 ní ẹ̀yìn àyà, níbi tí eegun ìhà so mọ́, àti 5 ní ìsàlẹ̀-ẹ̀yìn. Lábẹ́ wọn ni eegun 5 tí wọ́n dàpọ̀ di ọ̀kan bí ènìyàn ti ń dàgbà, àti àwọn eegun kéékèèké tí ó parí ọ̀pá náà ní ìdí. A dábàá pé kí a máa pe gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ní *ọ̀pá-ẹ̀yìn*, kí a sì máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn eegun náà ní *eegun-ẹ̀yìn*.

2.2 Tìmùtìmù-ẹ̀yìn

Láàrin eegun-ẹ̀yìn kan àti èkejì, yàtọ̀ sí àwọn méjì àkọ́kọ́ ní ọrùn àti àwọn tí ó ti dàpọ̀, ohun rírọ̀ kan wà tí kì í jẹ́ kí eegun máa ha eegun. Èèpo rẹ̀ yi. Inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Àwọn kan a máa yá ọ̀rọ̀ lò, wọn a pè é ní ‘dísìkì’. Ọ̀rọ̀ àyálò yìí kò sọ ju bí nǹkan náà ti rí lójú lọ, pé ó rí pẹrẹsẹ bí àwo. A fara mọ́ *tìmùtìmù-ẹ̀yìn*, nítorí pé ó sọ iṣẹ́ rẹ̀: tìmùtìmù a máa fún pọ̀ bí a bá jókòó lé e, a sì tún máa wú padà bí a bá dìde. Kókó kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fo. Tìmùtìmù yìí lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ eegun tí ó wà lókè àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò lè yọ̀ bọ́ bí ọṣẹ.

2.3 Okùn-ọpọlọ

Inú ihò ọ̀pá-ẹ̀yìn ni okùn kan gbà sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọpọlọ. Àwọn kan ń pe èyí ní mùdùnmúdùn ọ̀pá-ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mùdùnmúdùn náà ni a ń pe ohun tí à ń fà mu nínú eegun ẹran. Kí ọ̀rọ̀ méjèèjì má baà dàrú, a dábàá *okùn-ọpọlọ*. Nínú àgbàlagbà, okùn yìí parí sí ẹ̀bá eegun-ẹ̀yìn kìíní tàbí ìkejì ní ìsàlẹ̀-ẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ lọ, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ni ó ń lọ sí ẹsẹ̀, àpò-ìtọ̀ àti ihò ìdí.

2.4 Iṣan

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó nira jù, nítorí pé ohun mẹ́rin, ó kéré tán, ni a ń pè bẹ́ẹ̀: ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ohun tí ó so ẹran mọ́ eegun, ẹran tí ó ń sún ara, àti ohun tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ. Bí aláìsàn bá ní, ‘Iṣan ni ó ń dùn mí,’ oníṣègùn kò lè mọ èyí tí ó ń sọ. A dábàá ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: *iṣan-ẹ̀jẹ̀*, *iṣan-ìdè*, *iṣan-ẹran* àti *iṣan-ìmọ̀lára*. Báyìí, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kò sọnù, ìtumọ̀ rẹ̀ sì di pàtó.

3.0 Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ìrora

3.1 Èdè Yorùbá ní ọrọ̀ tí àwọn oníṣègùn kò tíì lò tó. Ẹ̀yìn lè máa *ro* ènìyàn, ó lè máa *ta* á, ó lè máa *gún* un, ó lè máa *jó* o, ó sì lè máa *fà* á. Ẹsẹ̀ sì lè *kú*, tí a kò ní mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀dà ara wọn. Èyí tí ń ro, tí ó dúró sí ìsàlẹ̀-ẹ̀yìn tàbí ìdí, sábà máa ń jẹ́ ti iṣan-ẹran, oríkèé àti iṣan-ìdè. Èyí tí ń ta bí iná mànàmáná, tàbí tí ń jó, tí ó gba itan kọjá orúnkún dé ojúgun tàbí àtẹ́lẹsẹ̀, sábà máa ń jẹ́ ti iṣan-ìmọ̀lára tí nǹkan ń rin. A dábàá *ẹ̀yìn-ríro adúró-sójú-kan* fún ti ìṣáájú, àti *ẹ̀yìn-ríro asọ̀kalẹ̀-sẹ́sẹ̀* fún ti ìkejì. Kí nọ́ọ̀sì tí ń bi aláìsàn léèrè má ṣe dá ọ̀rọ̀-ìṣe náà mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ó jẹ́ kí aláìsàn yan tirẹ̀.

3.2 ‘Ẹ̀yìn dídùn’ àti ‘ẹ̀yìn ríro’ ni orúkọ méjì tí ó wọ́pọ̀. A yan *ẹ̀yìn ríro*, nítorí pé ‘dùn’ tún jẹ́ ọ̀rọ̀ fún adùn. Bákan náà, ‘ìbàdí’ lẹ́nu ẹni kan ni ‘ìdí’ lẹ́nu ẹlòmíràn. Nítorí náà, nínú ìwé, kí a máa lo *ìsàlẹ̀-ẹ̀yìn* fún agbègbè tí ó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ eegun ìhà tí ó kẹ́yìn títí dé ibi tí ìdí ti pàdé itan.

3.3 Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ìhun ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yìn ríro. Àpètúnpè ẹlẹ́bẹ ni a fi sọ ọ̀rọ̀-ìṣe ‘ro’ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ohun tí ara ń mọ̀ nìkan ni ó sọ. Kò sọ pé nǹkan kan yẹ̀, kán, tàbí bàjẹ́. Èyí bá ìmọ̀ òde òní mu gan-an, nítorí pé nínú nǹkan bí ẹni 90 nínú 100 tí ìsàlẹ̀-ẹ̀yìn ń ro, kò sí ìpalára kan pàtó tí a lè tọ́ka sí pé òun ni ó fà á. Orúkọ tí àwọn baba wa fún un péye ju gbólóhùn tí mo fi Yorùbá túmọ̀ fún màmá lọ.

4.0 Àwọn Ọ̀rọ̀ tí ó Ń Ṣini Lọ́nà

4.1 Yíyẹ̀

Ní ọdún 1934 ni àwọn oníṣẹ́-abẹ méjì ní Amẹ́ríkà, Mixter àti Barr, kọ̀wé nípa bí tìmùtìmù-ẹ̀yìn tí ó ya ṣe lè máa rin iṣan-ìmọ̀lára. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí ni a sọ tìmùtìmù di ẹlẹ́ṣẹ̀ gbogbo ẹ̀yìn ríro. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ kì í ṣe yíyẹ̀ tàbí yíyọ̀. Èèpo tìmùtìmù ni ó máa ń wú síta. Nígbà mìíràn a sì ya, inú rẹ̀ a sì yọ. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ara fúnra rẹ̀ ni yóò fa wíwú náà padà láàrin ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. A dábàá *tìmùtìmù wíwú* àti *tìmùtìmù yíya*. Kí a má ṣe lo ‘eegun yíyẹ̀’ àfi bí eegun bá yẹ̀ ní tòótọ́.

4.2 Jíjẹrà

Bí àwòrán bá fi hàn pé tìmùtìmù ti fẹ́lẹ́, omi inú rẹ̀ sì ti dín kù, àwọn ògbifọ̀ a máa sọ pé, ‘Eegun ẹ̀yìn yín ti ń jẹrà.’ Ọ̀rọ̀ burúkú ni èyí létí Yorùbá. Òkú ni ó ń jẹrà. Àkójọ ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 yẹ àwòrán ẹ̀yìn àwọn ènìyàn tí ẹ̀yìn kò ro rárá wò. Nínú 100 tí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún, 37 ni ó ti ní irú àmì yìí. Nínú 100 tí ó jẹ́ ẹni 80 ọdún, 96 ni. Bí a ti ń hu ewú lórí ni tìmùtìmù ń gbó nínú ara. Ẹnikẹ́ni kì í sọ pé orí olórí ń jẹrà nítorí pé ó hu ewú. *Tìmùtìmù gbígbó* ni a dábàá.

4.3 Bárakú

Ẹ̀yìn-ríro tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a lè pè ní *ẹ̀yìn-ríro òjijì*. Èyí tí ó wà láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá ni *ẹ̀yìn-ríro alágbedeméjì*. Èyí tí ó bá ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ ni a sábà máa ń pè ní ‘àìsàn bárakú’. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, *bá ara kú* ni: ohun tí yóò bá ara wọ ilẹ̀. Kò sí ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀yìn ti ro fún oṣù tàbí ọdún ni ó ń gbádùn lẹ́yìn ìtọ́jú tí ó yẹ. Aláìsàn tí a bá ti sọ fún pé àìsàn rẹ̀ yóò bá a kú kò ní rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó máa ṣe ìdárayá. A dábàá *ẹ̀yìn-ríro apẹ́lára*. Ó ti pẹ́ lára. Kò sọ pé kò ní lọ.

4.4 Jẹ̀dí-jẹ̀dí àti ‘ọ̀pá-ẹ̀yìn’ inú ìgò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé jẹ̀dí-jẹ̀dí, tí wọ́n ní ohun dídùn ń fà, ni ó ń mú ẹ̀yìn ro. Ní ìdíkọ̀, àgbo tí a fi ọtí líle sè tàbí pò ni a ń tà fún un. ‘Ọ̀pá-ẹ̀yìn’ gan-an ni orúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ọtí inú rẹ̀ lè mú kí ènìyàn gbàgbé ìrora fún wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ohun tí ó fà á, awakọ̀ tí ó sì mu ún ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti èrò wewu. Ní ti èdè, kí olùkọ́ máa fi ìyàtọ̀ hàn láàrin ọ̀pá-ẹ̀yìn tí ó jẹ́ ẹ̀yà ara àti orúkọ ọtí náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀kan ni ó wà fún èkejì.

5.0 Èdè Ìtọ́jú

5.1 ‘Sinmi’ àti ‘dẹwọ́’

Bí a bá sọ fún àgbàlagbà pé kí ó sinmi, ohun tí yóò gbọ́ ni pé kí ó lọ dùbúlẹ̀. Ní ọdún 1995, àwọn onímọ̀ ní ìlú Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Finland, tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí òṣìṣẹ́ 186 tí ẹ̀yìn ń ro. Wọ́n ní kí àwọn kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ìdárayá ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí àwọn yòókù máa bá iṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ níwọ̀n bí ìrora bá ti gbà wọ́n láàyè. Àwọn tí ó ń bá iṣẹ́ wọn lọ ni ó kọ́kọ́ gbádùn. Nítorí náà, *ẹ dẹwọ́* ni kí a máa sọ, kì í ṣe *ẹ sinmi*. Ẹni tí ó dẹwọ́ dín ẹrù kù, ó pín in sí méjì, ó ń dìde lóòrèkóòrè, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ sílẹ̀.

5.2 ‘Ìrora’ àti ‘ìpalára’

Ọ̀rọ̀ méjì ni, ohun méjì sì ni wọ́n. Bí ẹ̀yìn bá ro nígbà tí a ń rìn, kò túmọ̀ sí pé a ń pa ẹ̀yìn lára. Iṣan-ẹran tí a kò bá lò ni ó ń rù. Ìbẹ̀rù pé ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ba nǹkan jẹ́ wà lára ohun tí ń sọ ẹ̀yìn-ríro òjijì di apẹ́lára. Àìsùn, ìbànújẹ́, sìgá mímu àti ara sísanjù náà sì wà níbẹ̀.

5.3 Ohun tí a lè ṣe

(i) Rírìn. Ìwádìí kan ní Ọsirélíà, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2024, kó ènìyàn 701 jọ tí ẹ̀yìn wọn ti ro tí ó sì ti san. Àwọn tí a kọ́ láti máa rìn, tí wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí dé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ní ìgbà márùn-ún lọ́sẹ̀, gbé nǹkan bí ọjọ́ 208 kí ó tó tún padà. Àwọn tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ gbé ọjọ́ 112.

(ii) Ooru. Aṣọ tí a rẹ sínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ lè dẹ iṣan-ẹran tí ó le. Kí omi náà má ṣe bóni.

(iii) Iṣẹ́ òòjọ́. Ẹni tí ń fi ọkọ́ roko, tí ń gúnyán, tàbí tí ń pọn omi, kí ó máa yí ìdúró padà, kí ó sì gbé ẹrù súnmọ́ ara.

(iv) Oògùn. Àwọn oògùn bí ibuprofen lè ràn wá lọ́wọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti aláboyún, kí wọ́n bi oníṣègùn léèrè kí wọ́n tó lò ó. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023 fún ẹ̀yìn-ríro apẹ́lára, ó fọwọ́ sí ẹ̀kọ́, ìdárayá àti ìtọ́jú ọkàn. Kò fọwọ́ sí bẹ́líìtì ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ sí oògùn líle irú tramadol.

(v) *Afìdárayá-wòsàn*. Orúkọ tí a dábàá nìyí fún oníṣègùn tí ń fi ìdárayá àti ọwọ́ wo ara.

6.0 Àmì Ewu

Gbogbo ohun tí a ti sọ kò kan ẹni tí ó ní èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí. Kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn:

(a) bí kò bá lè tọ̀, tàbí bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń bọ́ láìmọ̀;
(b) bí ojú ara àti agbègbè ìdí, níbi tí a fi ń jókòó lé kẹ̀kẹ́, bá kú;
(d) bí ẹsẹ̀ bá ń rọ sí i;
(e) bí ibà tàbí òógùn òru bá bá a rìn, tàbí bí ara bá ń rù láìnídìí, nítorí pé ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ inú eegun-ẹ̀yìn, kí ó sì di iké;
(ẹ) bí ó bá ti ní jẹjẹrẹ rí;
(f) bí ó bá ṣubú láti òkè tàbí tí ọkọ̀ kọlù ú;
(g) bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Wákàtí ni a fi ń ka ti (a) àti (b), kì í ṣe ọjọ́. *Àmì ewu* ni kí a máa pè wọ́n, kí a sì kọ wọ́n sára ògiri ilé ìwòsàn ní èdè tí aláìsàn gbọ́.

7.0 Àkójọ Àbá

ọ̀pá-ẹ̀yìn: gbogbo eegun ẹ̀yìn lápapọ̀
eegun-ẹ̀yìn: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn
tìmùtìmù-ẹ̀yìn: ohun rírọ̀ àárín eegun-ẹ̀yìn méjì
tìmùtìmù wíwú, yíya, gbígbó: ipò mẹ́ta tí ó lè wà
okùn-ọpọlọ: okùn inú ihò ọ̀pá-ẹ̀yìn
iṣan-ẹ̀jẹ̀, iṣan-ìdè, iṣan-ẹran, iṣan-ìmọ̀lára: oríṣi iṣan mẹ́rin
ẹ̀yìn-ríro òjijì, alágbedeméjì, apẹ́lára: nípa àkókò
ẹ̀yìn-ríro adúró-sójú-kan, asọ̀kalẹ̀-sẹ́sẹ̀: nípa ibi tí ó dé
dídẹwọ́: dídín iṣẹ́ kù láìdùbúlẹ̀
afìdárayá-wòsàn: oníṣègùn ìdárayá

8.0 Ìkádìí

Nígbà tí a ń ṣe àkójọ èdè-ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè, tí a tẹ̀ ní ọdún 1984, ìlànà tí a tẹ̀ lé ni pé kí ọ̀rọ̀ péye, kí ó ṣe kúkúrú, kí ó sì bá ìhun èdè mu. A rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pé, ní ti ìṣègùn, kí a fi ìkẹrin kún un: kí a bi ara wa léèrè ohun tí aláìsàn yóò lọ ṣe nílé bí ó bá gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, obìnrin afìdárayá-wòsàn kan tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ni ó padà wá sọ ọ̀rọ̀ fún wọn. Ó ní, ‘Ìyá, kò sí eegun tí ó yẹ̀. Tìmùtìmù àárín rẹ̀ ni ó wú díẹ̀. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí a jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà.’ Wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, wọ́n rìn dé òpópó lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ̀yìn ṣì máa ń ro wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ìsọ̀ mìíràn, wọ́n sì ń ta èlùbọ́ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé kí ni ó ṣe ẹ̀yìn wọn, wọn a ní, ‘Tìmùtìmù ni.’ Lẹ́nu wọn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dára.